Ìrẹsì Aláìláta

Aago mẹ́ta òru. Mo gbọ́ ikùn rẹ lẹ́yìn ilé,
ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo rẹ̀ ń tán lọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. O ti bì sídìí igi kòkó
kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ nínú ọgbà:
omi ofeefee, èèpo ẹ̀wà,
àti egungun ẹja tí mi ò sè nílé yìí.
Tìwọ-Ńkọ́, ta ló fún ọ lẹ́ja?
O gbójú sílẹ̀. O tún bì.

Ìyàwó mi ló sọ ọ́ lórúkọ,
kí ẹni tó ń yọjú lórí ògiri lè rí èsì gbà.
Bó bá ké e láràárọ̀ ní Òdòjọ̀mù, "Tìwọ-Ńkọ́!",
fèrèsé Ìyá Mosúnmọ́lá á pa dé gbàgà.
Ó di oṣù keje tó ti lọ.
Ó fi ìwọ àti orúkọ náà sílẹ̀ fún mi,
àti ikùn tí kò gba nǹkan kan dúró.

Mo gbé ọ lọ sí Àkúrẹ́ nínú ọkọ̀ Akínrìnmádé.
Ó ní, "Ajá? Àwa ará Oǹdó?"
Ó rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró:
"Ohun tí wọ́n fi ń bọ Ògún lo ń wá oògùn fún!"
Mi ò dá a lóhùn. Ọwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ,
mò ń ka egungun ìhà. Kò yẹ kó ṣeé kà bẹ́ẹ̀.

Dókítà Fádáhùnsí, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
kò kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́. Ìbéèrè ló mú.
Kí ló jẹ lánàá? Níjẹta ńkọ́?
Mo kà á: èbà àṣẹ́kù, mílíìkì inú agolo,
àkàrà tí epo ń ro lára rẹ̀,
ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀.
Ó gbé bírò sókè. "Àlùbọ́sà? Bàbá, májèlé ni fún un."
Ojú tì mí bí ọmọ tó fọ́ ife.

Ohun tó kọ ò pọ̀:
ìrẹsì funfun, kó rọ̀ dáadáa;
àyà adìẹ bíbọ̀, kí n bó awọ rẹ̀;
ẹlẹ́gẹ́dé gígún, ṣíbí kan.
Kò níyọ̀, kò ní máàgì, kò lépo, kò láta.
Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́,
kí n má sì yí i padà lójijì.

Èmi tí mo fi ogójì ọdún wọn kòkó,
tí mo lè fi eyín mọ èyí tí kò gbẹ,
mo dúró ti ìkòkò ìyàwó mi, mi ò mọ ìgbà tí ìrẹsì jinná.
Èkíní jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ìwọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án, inú rẹ tún ṣí.
Mo pa iná, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Nígbà tí òru jin, ọwọ́ kan yọ lórí ògiri,
ó mú orí ẹja dání, ata rodo ń ta sánsán.
"Ìyá Mosúnmọ́lá."
Ọwọ́ náà ò sá. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ló ti ń hu lóru.
Èmi àti òun ò sì parí ìjà yẹn."

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ sí irú èyí.
Mo ní, "Kò gbọdọ̀ jẹ ata."
Ó ní, "Áà. Kí ló wá ń jẹ?"

Láàárọ̀ yìí o su.
Ó dì, ó gbẹ níwọ̀nba, kòkó onípò kìíní,
díẹ̀ ló kù kí n wọ̀n ọ́n.
Mo bu ìrẹsì sáwo méjì,
tìrẹ, àti tèmi nítorí ọgbẹ́ inú.
Mo ké orúkọ rẹ sókè, bí òun ṣe máa ń ké e:
"Tìwọ-Ńkọ́!"
Fèrèsé ò pa dé.
Láti ìkejì ògiri, ẹnì kan ní,
"Tèmi ṣì wà lórí iná."